Irun Àgbàdo Tí Mo Pè Ní Sáfúrónì

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tíì dìde. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti dì sínú fún ọdún mẹ́sàn-án, bí mi ò bá sì sọ ọ́ lónìí, mi ò ní rí ojú sọ ọ́ mọ́. Ìdágbére mi lẹ ń ṣe, Màmá tó ni ilé oúnjẹ yìí sì ti pè mí ní olóòótọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níwájú yín. Olóòótọ́ kọ́ ni mí. Màmá ní kí n fi àsìkò yìí kọ́ ẹ̀yin tuntun nínú ilé ìdáná ní bí wọ́n ṣe ń fi sáfúrónì se oúnjẹ. Màá kọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ́ yín láìsọ ohun tí èmi fúnra mi fi sáfúrónì ṣe.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun náà gan-an. Sáfúrónì kì í ṣe èso, kì í sì í ṣe gbòǹgbò. Inú òdòdó kékeré kan tó ní àwọ̀ àlùkò ló ti ń wá, okùn pupa mẹ́ta péré ló sì wà nínú òdòdó kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń já a ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú. Ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń yọ okùn mẹ́ta yẹn, kí wọ́n tó sá a gbẹ. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n, tí Màmá sì fi ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni ń ti ọmọge mọ́lé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ wò: ó dà bí oyin tí wọ́n ta sórí koríko gbígbẹ. Ẹ tọ́ ọ wò, ó korò díẹ̀. Ẹni tó bá dà á púpọ̀ sínú ìkòkò, oògùn ló sè. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, kì í ṣe omi tó ń hó, ẹ bò ó, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Sáfúrónì tòótọ́ kì í kánjú. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tú àwọ̀ sílẹ̀, àwọ̀ wúrà sì ni. Okùn rẹ̀ á ṣì pupa síbẹ̀. Èyí tó bá sọ omi di pupa lójú ẹsẹ̀, tí okùn rẹ̀ sì wá ṣá, ayédèrú ni. Nígbà tí ìrẹsì bá ku díẹ̀ kó jinná, ẹ da omi náà yí i ká, kí ẹ dé e. Ẹ di ọ̀rọ̀ ayédèrú yẹn mú, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà.

Gbogbo yín lẹ mọ Ẹlẹ́sọ̀ tó ń fọ àwo. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé nídìí iná lèmi àti òun jọ wà tẹ́lẹ̀. Orúkọ náà yẹ ẹ́: bó bá ń gé àlùbọ́sà, ẹ ó rò pé ó ń bẹ̀ ẹ́ ni. Èmi ní tèmi, orí kunkun ni wọ́n fi mọ̀ mí láti kékeré. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, tíṣà nà mí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíì. Mo gbé síléètì mi, mo ní mi ò padà wá mọ́, mi ò sì padà títí dòní. Tíṣà náà ti kú, mo ṣì ń bínú sí i. Ẹ wá wo irú ẹni tí Ẹlẹ́sọ̀ lọ rẹ́rìn-ín sí. Wọ́n kó agolo tuntun méjì dé lọ́jọ́ kan, èdè tí wọ́n kọ sára wọn kò yé mi, mo sì da iyọ̀ dípò ṣúgà sínú wàrà tí a fẹ́ gbé fún oníbàárà. Ẹlẹ́sọ̀ tọ́ ọ wò. Ó di ògiri mú, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkun lẹ bù wá fún wa." Gbogbo ilé ìdáná bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tọ́jú ẹ̀rín yẹn bí àgbẹ̀ ṣe ń tọ́jú irúgbìn de òjò. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí lọ." Màá ní, "Ṣé ó ti bẹ̀ mí ni?" Á ní, "Ṣé ó mọ̀ pé ẹ ń bínú ni?" Màá sì kọjú sí ògiri.

Nígbà tí olórí alásè wa àtijọ́ fẹ̀yìn tì, Màmá ní kí èmi àti Ẹlẹ́sọ̀ se ìrẹsì oní-sáfúrónì, ìkòkò kan sí ẹnì kan, kí àwọn oníbàárà méje wá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí tirẹ̀ bá dùn jù ni yóò gba ipò. Títí di ìgbà náà, Màmá nìkan ló máa ń rẹ sáfúrónì. Àwa mọ okùn gbígbẹ, a sì mọ ìrẹsì tó ti jinná. Ohun tó wà láàárín méjèèjì, etí la fi gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di tẹnì kọ̀ọ̀kan sínú bébà funfun fún wa. Mo délé, mo já irun orí àgbàdo tí ìyàwó mi fẹ́ sè, mo gé e kéékèèké, mo rẹ ẹ́ sínú àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń kun kéèkì, mo sì sá a sójú fèrèsé. Ìyàwó mi bi mí ohun tí mò ń ṣe. Mo ní oògùn ikọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń wúkọ́ nílé wa. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, Ẹlẹ́sọ̀ gbé bébà tirẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ ṣan ìrẹsì lẹ́ẹ̀méje bí ìṣe rẹ̀. Kó tó ṣan án lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti pààrọ̀ ohun tó wà nínú bébà.

Ẹ má bínú bí mo bá ń rẹ́rìn-ín. Ìrẹsì tèmi jáde bí wúrà. Tirẹ̀ jáde bí aṣọ funfun tí wọ́n ṣèèṣì fọ̀ pọ̀ mọ́ fìlà pupa. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín àwọn oníbàárà, eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sì funfun kinniwin kó tó jẹun. Nígbà tó rẹ́rìn-ín sí Màmá, ṣe ló dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìjà dé. Obìnrin kan ń yọ ahọ́n sí dígí, ó ń béèrè pé, "Ṣé àwọ̀ yìí á ṣí? Mo ní ìpàdé lọ́la." Màmá pe Ẹlẹ́sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, "Kí lo fi kún un?" Ó ní, "Màmá, ohun tí ẹ fún mi náà ni." Màmá ní, "Inú agolo kan náà ni mo ti bù fún ẹ̀yin méjèèjì." Ẹlẹ́sọ̀ ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ibi tí mo ti burú jù lọ nìyí. Èyí tí mo pààrọ̀, àrankàn ni. Èyí tó tẹ̀lé e, ìkà ni. Mo bọ́ síwájú, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, "Màmá, ẹ má bá a wí. Kò fi nǹkan kan kún un. Sáfúrónì máa ń kọ ọwọ́ ẹlòmíì. Bí ọwọ́ èèyàn bá gbóná jù, á bà á jẹ́." Irọ́ gbuu. Orí ìdúró ni mo ti hun ún. Màmá wò mí bí ẹni ń wo áńgẹ́lì. Ẹlẹ́sọ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹ yọ mí nínú ìtìjú." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Lọ́sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fọ àwo, kí ọwọ́ òun má bàa ba nǹkan jẹ́.

Mi ò ní purọ́ pé mi ò rí oorun sùn. Mo sùn dáadáa, àwọn àlejò sì ń yìn mí. Bí mo bá ti ṣí agolo sáfúrónì, Ẹlẹ́sọ̀ á jáde kí èémí òun má bàa kàn án. Ohun tó jí mi ni ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọbìnrin Ẹlẹ́sọ̀ tí Màmá gbà gẹ́gẹ́ bí alásè lọ́dún yìí ń sọ fún un pé òun fẹ́ kọ́ sáfúrónì. Bàbá rẹ̀ ní, "Má fọwọ́ kàn án, ọmọ mi. Ọwọ́ ìdílé wa ni kò gbà á." Mo yọjú: ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti wo tirẹ̀ lọ́jọ́sí. Mo wá rí i pé irọ́ mi ti bímọ.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá a nídìí síńkì, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Omi ń ṣàn, kò pa á. Ó ní, "Irun àgbàdo?" Mo ní, "Irun àgbàdo ni." "Kì í ṣe ọwọ́ mi?" "Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ rẹ." Ó ní, "Kí ni mo ṣe yín, ẹ̀gbọ́n?" Mo rán an létí iyọ̀ inú wàrà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìdùnnú ló pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Èmi gan-an ti ṣe irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì yára dà á nù kẹ́nikẹ́ni tó rí i. Èmi náà ò mọ ohun tí wọ́n kọ sára agolo yẹn kà. Mo rò pé mo ti rí ẹnì kejì ni." Ogún ọdún gbáko ni mo fi di ẹni tó ń yọ̀ mọ́ mi sínú! Mo jókòó sórí garawa. Ló bá ní, "Eyín awakọ̀." Mo ní, "Eyín awakọ̀." A rẹ́rìn-ín títí omi fi kún síńkì, tó ń dà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ keje, ó ní kí n gbé agolo wá. Òun àti ọmọ rẹ̀ rẹ okùn díẹ̀. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ṣí ife, ó ní, "Kò yí àwọ̀ o." Mo ní, "Ní sùúrù." Nígbà tó ṣí i lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó gbé ife sí ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ wúrà sì tàn sí i lójú. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ wo ìka yín." Ìka rẹ̀ ti gba àwọ̀ sáfúrónì. Ó gbé e sókè, ó ń jó kiri ilé ìdáná bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege ìdánwò. Mo bi í pé ṣé ó ti dárí jì mí. Ó ní, "Mo ti rẹ ọ̀rọ̀ yẹn sómi, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má kán mi lójú."

Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ foríjì mí, kí ẹ sì gbé ipò tí mo ń fi sílẹ̀ yìí fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró tó bí mo ṣe dúró. Bí ẹnìkan bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ bi í lọ́jọ́ náà gan-an, lójú gbogbo ayé, pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ èsì.