Ìṣirò Bàálù Tí Mo Ní Kí Ìyàwó Ilé Wa Pa Rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já. Ohun tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kò gbà kí n sùn mọ́.

Èmi àti Sìdíkátù la jọ ń kọ́ ìṣirò. Kí a tó jáde, ẹ̀gbọ́n mi gbé e níyàwó wá sí agboolé wa ní Ìsẹ́yìn. Ẹ mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni. Ó pa orúkọ mi tì, ó ń pè mí ní Akọ̀wé. Kò bá mi jiyàn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ.

Olùkọ́ wa fún wa níṣẹ́ kan. Bàálù kan ń bọ̀ wálé, ó kọjú sí pápá rẹ̀ ṣáá, atẹ́gùn sì ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹni tó ń la odò Ọ̀fìkì kọjá lójò ni, tó tẹjú mọ́ igi kan lódìkejì. Omi ń gbé e lọ, òun náà ń yíjú sí igi rẹ̀. Nítorí pé imú bàálù ń yí láìdúró, àfi ìṣirò ohun tó ń yí padà, tí a ń pè ní difẹrẹ́ńṣíà, ló lè ya ọ̀nà rẹ̀. Ìṣirò yìí dùn, ẹ̀yin ènìyàn mi!

Mo ní bàálù yóò délé. Sìdíkátù ní bí eré atẹ́gùn bá dọ́gba pẹ̀lú ti bàálù, kò ní délé láé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò há sí, tí yóò máa wo ilé. Mo tún tèmi ṣe, mo rí i pé òun ló gbà á. Ìlara mú mi. Mo sọ fún un pé ó ti ṣìnà.

Ó ní, "Bí Akọ̀wé bá ti sọ ọ́, ó parí."

Ó pa á rẹ́. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ bíi tèmi, wọ́n sì yìn mí. Ó ní orí òun kò gbé ìṣirò, ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó jókòó ti òfì híhun.

Mo ti di olùkọ́ ní Tẹ̀dé báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sílé, mo bá a nídìí òfì. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà bàálù náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdáhùn kan náà ni! Ọ̀nà tó gbà pàápàá kúrú ju ti àtijọ́ lọ, èmi olùkọ́ kò mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ó ní òun fẹ́ padà sílé-ìwé. "Akọ̀wé, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Bí mo bá tún ṣì í, mo gbà pé ìṣirò kì í ṣe tèmi."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ tún ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ní ó gbà á, yóò bi mí pé kí ló wá burú nínú ti ìjọ́sí. Ẹ̀gbọ́n mi yóò gbọ́. Bí mo bá sì dákẹ́, a ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣé òun nìkan ni kí n pè, àbí kí n dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo agboolé? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Wọn kò tíì gbá ilẹ̀ tí ó ya ọ̀nà bàálù náà sí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ títí Akọ̀wé yóò fi dé.