Iṣẹ́ Ìdí Dáàmù tí N Ò Jẹ́

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, ẹ má tíì dìde. Èmi Hasanat ni mo kọ ìwé tí Tíṣà Títíladé ń kà fún yín yìí. Ilé ni bàbá mi ti kọ́ mi ní ìwé, ẹ sì mọ̀ pé ohùn mi kì í jáde láàárín èrò. Ṣùgbọ́n láti Jímọ̀ tó kọjá tí ẹ ti fi fèrè kọ́ mi lọ́rùn, oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo gbálẹ̀ tán, mo tún un gbá. Ohun tó wà nínú mi gbọ́dọ̀ jáde lónìí.

Ẹ rántí òjò èṣí. Fèrè ńlá tó máa ń ké kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn omi ní dáàmù amúnáwá ti bàjẹ́. Ẹnu ni Bùọ̀dá Akíntáyọ̀ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí wa. Mo ń fọ ẹ̀gẹ́ létí odò lọ́jọ́ náà nígbà tó pè mí láti orí ògiri: "Hasanat! Sọ fún Bàbá Sàníù pé lọ́la, bí oòrùn bá ti yọ, a máa ṣí ilẹ̀kùn omi. Kí wọ́n má gbé ọkọ̀ jáde o! Mi ò lè kúrò níbí." Mo ní mo ti gbọ́.

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo bá Bàbá Sàníù, ọlọ́kọ̀ wa, lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí àwọn àti Bàbá Roheem ti ń ta ayò. Mo kúnlẹ̀. N ò tíì lanu tí Bàbá Roheem fi ní, "Ìdí dáàmù lo ti ń bọ̀, àbí? A rí ọ bí o ṣe ń gbójú sókè wo ọmọ Onítẹ̀bọmi yẹn!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Sàníù ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọmọ mi, kí ló dé?" Orúkọ Akíntáyọ̀ wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá dá a, ẹ̀rín á tún sọ, á sì dé etí bàbá mi. Kò sí nǹkan kan láàárín wa o, wàláì. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni mo wá kí, sà." Mo ní màá padà wá. N ò padà.

Ilẹ̀ mọ́, mo sáré lọ sódò. Ọkọ̀ ti wà láàárín omi. Àǹtí Mùjíbátù jókòó ti àpò gààrí tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà Ẹgbẹ́dá, wọ́n fi ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ṣe tìmùtìmù. Mo juwọ́ kí wọ́n padà. Wọ́n rò pé mo ń kí wọn ni. Wọ́n juwọ́ padà: "Adákẹ́jẹ́, kí ni kí n rà bọ̀ fún ọ?" Omi dé bí ògiri tó ń rìn. Bàbá Sàníù rí gbòǹgbò igi dì mú. Àǹtí Mùjíbátù, ọjọ́ kẹta la tó rí wọn.

Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Ní ìpàdé tí ìlú pè lórí ikú wọn, Akíntáyọ̀ ní, "Hasanat ni mo rán." Ẹ yíjú sí mi. Mo ní, "Kò rán mi." Bàbá Roheem ní, "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, ṣé irọ́ ló máa fi bẹ̀rẹ̀ ni?" Wọ́n lé Akíntáyọ̀ níbi iṣẹ́, ó sì fi ìlú sílẹ̀. Títí dòní, "ìyá apààyàn" làwọn ọmọdé ń pe Màmá Dorothy, ìyá rẹ̀. Ẹ wá ní torí pé n kì í parọ́, èmi ni kí n máa fọn fèrè fún àwọn ọlọ́kọ̀!

Fèrè náà nìyí nílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Àǹtí Mùjíbátù, ẹ dárí jì mí. Bí kò bá ṣeé ṣe fún yín, n ò ní bá yín jà. Ẹ ránṣẹ́ pe Akíntáyọ̀ wálé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá rán yín níṣẹ́ omi, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì jẹ́ ẹ. Bàbá Sàníù, mo kúnlẹ̀: Akíntáyọ̀ ní kí n sọ fún yín pé lọ́la, bí oòrùn bá ti yọ, wọ́n máa ṣí ilẹ̀kùn omi. Ẹ má gbé ọkọ̀ jáde.