Èyí Tó Kù Nínú Bátìrì

Mo ń dúró de fóònù mi ní ṣọ́ọ̀bù atúnbátìrìṣe kan l'Áyétòrò, nígbà tí bàbá àgbẹ̀ kan wá gba bátìrì tuntun fún ẹ̀rọ tó fi ń fín oògùn sóko.

"Ibo lo ní kí iná rẹ̀ ti máa já?" ni bàbá bi atúnbátìrìṣe náà.

"Tó bá ti wálẹ̀ dé fóltì mẹ́ta lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀, á kú fúnra rẹ̀."

"Fi sí méjì àbọ̀, jàre. Poro méjì péré ló máa ń ṣẹ́ kù tí yóò fi dákẹ́."

"Ibẹ̀ náà lẹ ní kí wọ́n fi ti àkọ́kọ́ sí. Ẹ gbé e jù sí ahéré fún oṣù kan, ìwọ̀nba iná tó kù nínú rẹ̀ jò tán, kò sì gba iná mọ́. Bàbá, àgbàdo tí ẹ so kọ́ òkè ààrò, tébi bá ń pa yín, ṣé ẹ máa ń já a sè ni?"

"Irúgbìn nìyẹn kẹ̀!"

"Irúgbìn náà lèyí tó kù nínú bátìrì."

Bàbá yí bátìrì náà sọ́tùn-ún sósì.

"Lọ́dún tó kọjá, mo já a sè," ló wí níkẹyìn. "Jẹ́ kó wà ní mẹ́ta. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n rí bí wọ́n ṣe ń yí i; mo mọ ara mi."