Ọba Fàdákà Tí Mo Fi Kànrìnkàn Wẹ̀

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń pè mí ní olóòótọ́, ẹ gba orúkọ náà kúrò lọ́rùn mi, ó ti wúwo jù. Irọ́ kan wà tí mo gbé mì ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Kò dà nínú mi, kò sì jáde. Àìsàn òjò èṣí ni ó gbé mi dé etí sàréè, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé èmi Lùkúmàn, tí mo ń bá aya mi jà nítorí iyọ̀ díẹ̀ tó dànù, ni mo fi odidi òwò obìnrin kan ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá sí i.

Bàbá Tìrìmísíyù ni ọ̀gá mi, ẹni tí ìjà Èkó lé wá síbí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Bí ẹlòmíràn bá rí owó fàdákà òyìnbó, ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni yóò gbé e lọ kí ó fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Bàbá kì í jẹ́ kí wọ́n yọ́ tirẹ̀. Inú àpótí ni ó ń kó wọn sí, a sì máa wádìí ọjọ́ orí wọn bí ẹni ń wádìí ìdílé ìyàwó. Èmi ni ó fi ṣe olùtọ́jú wọn, nítorí mo mọ̀wé. Ábídí nìkan ni mo rí kọ́ l'Ékòó; ìyókù, arúgbó kan tó ń ta owó àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń fi lẹ́tà kọ́ mi. Èmi fúnra mi ni mo ń wa ọkọ̀ lọ gbà á ní Èbúté Ìkòròdú. Ó kọ́ mi bí a ti ń fi owó sí ìpele: èyí tí ojú rẹ̀ pé, èyí tó ti họ, èyí tó ti gbó. Nígbà tí mo fi dé ẹ̀kọ́ kẹjọ, mo ti ń fi iṣu, ẹní àti ìwàásù lèmọ́mù sí ìpele.

Ọ̀kan nínú àwọn owó náà ni olórí wọn. Wọ́n ti lù ú ní Ìlú Ọba kí wọ́n tó bí bàbá mi, kì í sì í ṣe fún níná lọ́jà. Àwọn tó ń ṣe owó lù ú láti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han ọba ni. Owó àfihàn ni à ń pè é. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí omi inú àwo, orí ọba sì yọ láàárín rẹ̀ ní funfun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́, àwọ̀ dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ ti bò ó. Ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan ránṣẹ́ láti Èkó pé òun ń bọ̀ wá wò ó. Bí ó bá pé, òun yóò fi ọkọ̀ onígbòkun kan pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá ní, “Lùkúmàn, tún gbogbo ilé ṣe.” Mo gbọ́ “gbogbo ilé”, mo sì ka owó mọ́ ọn.

Ta ni ó sọ fún mi pé ìdọ̀tí ni? Orí kunkun mi ni. Mo po eérú mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo mú kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú, mo wẹ ọba òyìnbó bí ìyá ìkókó ti ń wẹ ọmọ. Mo wẹ ọrùn, mo wẹ ẹ̀yìn etí. Nígbà tí mo ṣàn án, ó mọ́. Ó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dán mọ́. Ibi tó dà bí dígí ti họ bí ìdí ìkòkò, imú ọba sì ti dín kù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ kẹsàn-án dé. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: “Má ṣe fọ owó àtijọ́ láé.”

Ọ̀gákọ̀ dé, ó yí owó sí oòrùn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Òmùgọ̀ wo ló fọ owó yìí?” Èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè rẹ̀ nínú agbo ilé. Bàbá ní, “Kí ló wí?” Mo ní, “Ó ń kí yín ni, Bàbá.” “Ṣé bí wọ́n ṣe ń kíni nìyẹn? Kí ló dé tó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀?” Bí mo ti ń wá èsì ni afẹ́fẹ́ ọ̀sà gbé èéfín ẹja kọjá níwájú wa. Mo ní, “Ó ní èéfín ẹja ló jẹ owó náà.” Mùlíkátù, ìyàwó Bàbá, ẹni tí wọ́n mọ ẹja yíyan rẹ̀ títí dé Agbowà, dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. “Èéfín tèmi? Ẹja yìí ló ra àpótí tí ẹ kó owó yín sí! Lùkúmàn, bi í dáadáa.” Mo kọjú sí ọ̀gákọ̀, mo bi í bóyá yóò mu omi. Ó kígbe, ó mi orí. Mo ní, “Ó ní ó dá òun lójú.”

Ọ̀gákọ̀ bá tirẹ̀ lọ. Bàbá ní kí n wó ààrò, nítorí èmi ni olóòótọ́. Mùlíkátù di apá mi mú: “Ẹja tútù kì í dúró di ọ̀sán. Kí ni kí n wá máa tà?” Mo ní, “Ẹ yà fún iṣẹ́, Ìyá.” Mo wó o. Èyí tó burú jù nìyí: ẹja ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé n kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò. Mo jókòó sórí àwókù náà, mo jẹ ẹja obìnrin náà tán, mo sì fi í sí ìpele kìíní.

Láti ìgbà náà ni ẹ ti ń rí Mùlíkátù tó ń gbé ẹja tútù sáré, tí ẹ̀yin náà sì ń dúró di ọ̀sán kí ó lè tà á ní ọ̀pọ̀ fún yín. Bàbá alára bínú sí ẹja títí ó fi kú. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Mùlíkátù, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ẹja tó wà lórí ààrò ńkọ́? Ọ̀gákọ̀ náà ló jẹ ẹ́?” Mo ní, “Èmi ni, Ìyá.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Ó ní, “Ẹ̀bẹ̀ kì í yan ẹja. Lọ po amọ̀. Lẹ́yìn náà kí o wá sọ ọ́ lójú gbogbo ọjà.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ẹ kò bá tíì kọ́ tán, ẹ má fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá sì gbọ́ èdè tí ará ilé yín kò gbọ́, ẹ má fi rẹ́ wọn jẹ. Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì máa ra ẹja rẹ̀ láàárọ̀. Mo ti po amọ̀, mo ti mọ ààrò tuntun. Mùlíkátù wá wò ó láàárọ̀ yìí, ó yí i ká, ó ní, “Ó wọ́. Wó o. Ìyẹn ò ṣòro fún ọ.”