Ilẹ̀kùn Tí Mo Ní Kò Ṣí

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Minna, àti ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rárá, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ jù nínú mi, ó yẹ kó jáde kí èmi fúnra mi tó jáde láyé. Kíndìnrín mi ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú mi kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó ní bí mo bá ní ohun tí mo fẹ́ tún ṣe, kí n tètè tún un ṣe. Wọ́n ní ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, ṣùgbọ́n èyí ti ń mì nínú mi láti ọdún 1999. Ó kan ọ̀rẹ́ mi kan, Mùstàphá, ọmọ Alfa Àbdùlgàfárù ti àdúgbò Keteren Gwari. Mo fi ẹnu mi ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ níwájú bàbá tó bí i. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbà pé òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Irọ́ ni.

Ẹnìtàn ni orúkọ mi. Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Minna, mo sì rò pé bí ọdún bá ti pé ni n óò palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Ṣùgbọ́n yunifásítì gbà mí síṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ Adétutù, a bí Láyíwọlá, a gba ilé sí àdúgbò Nassarawa, Minna sì di ilé. Kọ̀ǹpútà kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Àwa díẹ̀ tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kó ara wa jọ, a ń tẹ ìwé ìròyìn kékeré kan jáde lóṣooṣù, èmi ni mo sì ni ojú ewé tó kẹ́yìn. Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí nínú géèmù tuntun ni mò ń kọ síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún aráyé tọ́ wò kí odindi rẹ̀ tó jáde, bí ìgbà tí alákàrà fún oníbàárà ní ẹyọ kan kó fi mọ bó ṣe dùn. Démò ni wọ́n ń pe àtọ́wò yẹn. Ẹni tó bá ti Kaduna tàbí Abuja bọ̀ á mú un wá fún mi, n óò gbá a, n óò kọ̀wé lé e lórí, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Jikpan á sì dúró de ohun tí mo bá sọ. Èyí wú mi lórí. Mo máa ń fọ́nnu pé kí omi tó hó lórí iná ni mo ti máa ń mọ géèmù tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ìkánjú ni mò ń pè ní ọgbọ́n.

Ìlọrin ni àwọn Mùstàphá ti wá, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni ilé kéú bàbá rẹ̀ wà, gbogbo àdúgbò ló sì ń bọlá fún Alfa. Mùstàphá gboyè nínú ìṣirò, ó padà sílé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí bàbá rẹ̀ rà fún un. Géèmù ló ń ṣe. Kì í ṣe pé ó ń gbá a o, ó ń ṣe é ni, láti ìbẹ̀rẹ̀, òun nìkan. Ó sọ ọ́ ní Ará Ilé Dé. Àwọn ẹbí ní Ìlọrin ń ránṣẹ́ pé kí ni ọmọ tó kàwé ń fi àpótí ṣe, kó wá bá àbúrò bàbá rẹ̀ nídìí aṣọ títà. Alfa ní kí wọ́n ní sùúrù. Ìṣojú mi ló ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé: "Èmi ò mọ ohun tó wà nínú nǹkan yìí. Bí o bá ti parí díẹ̀ níbẹ̀, gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bó bá ní ó dára, máa bá a lọ, màá dá àwọn ará Ìlọrin lóhùn. Bó bá ní kò dára, o máa lọ bá wọn." Èmi ni ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo gbà á bí ẹni gba oyè.

Nígbà tó yá, Mùstàphá gbé démò rẹ̀ wá sí ibi iṣẹ́ mi, nínú fulọ́pì kan, àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà pamọ́ nígbà náà, tó fi ìwé funfun wé. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, n ò ní sọ nǹkan kan fún yín o. Ohun tí ojú yín bá kọ́kọ́ rí ni kí ẹ kọ." Ọjọ́ yẹn gan-an ni démò kan dé láti òkè òkun, ọkọ̀ ló ń sáré nínú rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ló sì pé lé e lórí. Ara mi ti wà lọ́nà ibẹ̀. Mo ní kí n tètè wo ti Mùstàphá kí n padà sídìí ọkọ̀.

Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí nìyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lónìí bí mi ò ṣe sọ ọ́ nígbà náà. Minna ni mo rí. Mo rí àwọn òkè olókùúta wa, mo rí ojú irin, mo rí igi máńgòrò tí ewé rẹ̀ ń já bọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin arìnrìn-àjò kan gbé báàgì kọ́ èjìká, ilé bàbá rẹ̀ ló ń lọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì fi ìlú tí mò ń gbé hàn mí nínú kọ̀ǹpútà rí. Lójú ọ̀nà, ìyá arúgbó kan jókòó sórí ẹní. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mo kọjá lára rẹ̀. Mo kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, kò ṣí. Mo kan òmíràn, kò ṣí. Mo kan gbogbo ilẹ̀kùn àdúgbò náà, ọ̀kankan kò ṣí. Mo padà sọ́dọ̀ ìyá. Nínú géèmù àwọn òyìnbó tí mo mọ̀, ẹni tó bá jókòó lásán, wọ́n máa ń lù ú ni, nǹkan á já bọ́ lára rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì ìjà. Arìnrìn-àjò na ọwọ́, ìyá sì kẹ̀yìn sí mi. Mo pòṣé, mo yọ fulọ́pì, mo padà sídìí ọkọ̀ tó ń sáré.

Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Mo ní ọmọ Minna kan ti ṣe géèmù tí ilẹ̀kùn inú rẹ̀ kò mọ̀ pé iṣẹ́ ilẹ̀kùn ni kó ṣí. Mo ní ará ilé dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìta ni yóò sùn. N kò sọ̀rọ̀ òkè, n kò sọ̀rọ̀ máńgòrò. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fi í pa mí lẹ́rìn-ín ní ọ̀nà ọ́fíìsì, inú mi dùn. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Mùstàphá wá bá mi, kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tí nǹkan rú lójú. "Haba, ẹ̀gbọ́n. Wallahi, ó ń ṣí nílé. Nàímátù àbúrò mi ń wọlé, àwọn ọmọ kéú ń wọlé. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó." Mo ní àwọn kọ̀ǹpútà ò ráyè. Ó ní bóyá fulọ́pì ló bàjẹ́, bóyá kọ̀ǹpútà yunifásítì ló yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ó ń wá ẹ̀bi kiri sára ẹ̀rọ. Títí di àkókò yẹn, èmi náà kò mọ ohun tí mo ṣe. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, ìkánjú nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá jẹ́, n kò sì ní máa yọ yín lẹ́nu lónìí.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Adétutù ní òun fẹ́ rí géèmù tí gbogbo ìlú ń fi rẹ́rìn-ín. Mo ti gbé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan wálé. Ó jókòó, ó wo igi máńgòrò, ó ní ó mà dára o. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó, ó dúró. "Ìyá yìí ńkọ́? Ṣé a ò ní kí i ni?" Ó ń tẹ bọ́tìnì kiri títí ó fi tẹ èyí tó gùn nísàlẹ̀. Arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ìyá gbórí sókè, ọ̀rọ̀ sì jáde lórí rẹ̀: "Káàbọ̀, ọmọ mi. Sannu da zuwa." Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ṣí. Adétutù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá Láyíwọlá, ẹ ò kí ìyá! Ẹ̀yin, ọmọ Díákónì, ẹ kọjá lára àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ yẹn!" Mo na ọwọ́, mo pa kọ̀ǹpútà kó tó wọlé.

Ìgbà náà ló yé mi. Mùstàphá kò kọ ọ́ síbikíbi pé kí a kí ìyá, torí kò wá sí i lọ́kàn pé ẹni tó ń sọ Yorùbá máa rí àgbà lórí ẹní kó sì kọjá lọ. Adétutù ní: "Ẹ lọ sọ fún un lọ́la. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹ ṣì í gbá." Mo ní kí n kọ kí ni? Pé èmi tí mò ń dájọ́ géèmù fún ìlú, ilẹ̀kùn kọ̀ láti ṣí fún mi nítorí pé n kò lẹ́kọ̀ọ́? Wọn ò ní fi mí rẹ́rìn-ín tán láyé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo ní ọ̀rọ̀ géèmù lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó ní: "Ẹ̀yin ni olórí ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mí jẹ́rìí o." Ó yọ fulọ́pì náà, ó sì fi í pamọ́ sáàárín àwọn aṣọ tí Láyíwọlá wọ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

Kò pẹ́ sí i ni Alfa ránṣẹ́ pè mí. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ni mo dé Keteren Gwari. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàdúrà fún mi, ó ní kí n jókòó. Mùstàphá wà níbẹ̀, Nàímátù àbúrò rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ó gbé fura wá fún mi, mo sì mu ún. Alfa ní: "Ọmọ mi, wọ́n ka ìwé yín fún mi. Èmi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rí ẹnu ni mo mọ̀. Ọmọ yìí ní ó ń ṣí. Ìwọ lo mọ nǹkan yìí. Ohun tí ojú rẹ rí, sọ ọ́ fún mi." Mo ní: "Baba, ilẹ̀kùn kò ṣí." Títí dé ibẹ̀, mo ṣì lè sọ pé n kò purọ́.

Ìgbà náà ni Mùstàphá sọ̀rọ̀. Ojú ń tì í, ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ kí ìyá tó wà lójú ọ̀nà?" Alfa jágbe mọ́ ọn. "Subhanallahi! Mùstàphá, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi níṣojú gbogbo yín báyìí, ṣé ó máa rí ìyá àgbà kó má kí i? Ṣé ilé burúkú ni wọ́n ti bí i ni?" Nàímátù ní: "Baba, ẹ jẹ́ ká tan án, ká jọ wò ó." Alfa ní rárá. Ó ní ènìyàn kì í pe ẹlẹ́rìí wá sílé tán, kó tún máa yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lójú rẹ̀, ìyẹn ni pé a pè é ní òpùrọ́. Ó yíjú sí mi. "Dá a lóhùn, ọmọ mi, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀."

Mo ní: "Mo kí i, Baba. Mo bẹ̀rẹ̀, mo kí i dáadáa. Ilẹ̀kùn kò ṣí."

Mùstàphá gbà mí gbọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù títí di òní. Kò bá mi jiyàn mọ́. Ó ní: "To. Á jẹ́ pé iṣẹ́ mi ló ní àléébù nìyẹn." Alfa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo sọ òótọ́ láìwo ojú ọ̀rẹ́, ó tún ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín sí i.

Ó lọ sí Ìlọrin. Kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fún ilé ìwé kan ní Jikpan. Aṣọ ló ń tà títí di òní, ó ń tà á dáadáa, ó níyàwó, ó bímọ, n kò sọ pé ayé rẹ̀ bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò ṣe géèmù mọ́. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá dé, ó ń ránṣẹ́ kí mi, ó ṣì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Alfa kú ní ọdún 2006. Lọ́jọ́ tí a sìnkú rẹ̀, Nàímátù sọ fún mi pé bàbá àwọn máa ń fi mí ṣàpẹẹrẹ ẹlẹ́rìí òdodo fún àwọn ọmọ kéú. Mo gbọ́ ọ, mo sì tún dákẹ́.

Nígbà tí dókítà bá mi sọ̀rọ̀ tán, mo ní kí Adétutù wá fulọ́pì náà fún mi. Kò bi mí léèrè ìdí. Ó gbé e wá tòun ti ìwé funfun tí Mùstàphá fi wé e. A rí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan tó ṣì ń gbà á. Mo rin arìnrìn-àjò dé ọ̀dọ̀ ìyá, mo bẹ̀rẹ̀, mo kí i. Ilẹ̀kùn ṣí, mo sì wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkùnrin kan wà nínú ilé náà tó wọ awò ojú, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n Ẹnìtàn. Ó bu omi fún arìnrìn-àjò. Ó mú un lọ́wọ́, ó mú un kọjá àgbàlá, títí dé iwájú arúgbó kan tó jókòó pẹ̀lú wàláà kéú lẹ́sẹ̀. Ohun tó sọ níbẹ̀ kò ju èyí lọ: "Baba, ọmọ yín rèé. Ó ṣe dáadáa." Ibẹ̀ ni démò parí sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ ẹlòmíràn, tí ẹ ń tètè dájọ́, ẹ dúró díẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ̀rín nìkan ló máa mú wá. Nàímátù, mo bẹ̀ ọ́, bá mi ka èyí sókè ní ilé kéú bàbá rẹ, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ mi kọ́ ọmọ. Mùstàphá, àbúrò mi, bó o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí; bí o kò bá lè ṣe é, o kò jẹ̀bi. O bi mí ní ìbéèrè kan níwájú bàbá rẹ, tìtìjú tìtìjú lo fi bi í. Èsì rẹ̀ nìyí: n kò kí ìyá.