Mo Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Kọ̀ǹpútà Ṣadé, Mo Dákẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀, mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Àmọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mi ò lè dá a gbé mọ́.

Obìnrin ni mí. Mo ti lé lógójì ọdún, mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ. Lugbe ni mò ń gbé níbí ní Àbújá, inú ilé náà ni mo sì ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn tó wà lókè òkun. Ọ̀sẹ̀ kan lè kọjá kí n má bá èèyàn sọ̀rọ̀ ju "sànnu" tí mo fi ń kí mẹ́gáàdì wa ní Háúsá lọ. Mi ò fi ìyẹn ṣe àwíjàre. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ bí ilé náà ṣe dákẹ́ tó kí Ṣadé tó wọ ibẹ̀ ni.

Ṣadé kọ́ ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìjọ kan náà la jọ ń lọ, mo sì jù ú lọ dáadáa. Iṣẹ́ gbígba àlejò ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan ní Maitama, iṣẹ́ náà sì ti sú u. Ó ní òun fẹ́ kọ́ tèmi. Ó ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, ó gbé e wá bá mi. Ètò Wíńdóòsì ló wà lórí rẹ̀. Mo fi ètò mìíràn tó ń jẹ́ Línúùsì kún un, kí méjèèjì jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Tí a bá tẹ orúkọ irinṣẹ́ kan, kọ̀ǹpútà kì í wá gbogbo inú ara rẹ̀ kiri. Ó ní àwọn ọ̀nà tí a ti kọ sílẹ̀ fún un, èyí tó bá sì kọ́kọ́ bá lójú ọ̀nà ló máa mú. Wíńdóòsì ní irinṣẹ́ tirẹ̀, Línúùsì ní tirẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà Ṣadé, ọ̀nà ti Wíńdóòsì ló ṣíwájú. Tó bá wà nínú Línúùsì tó pe irinṣẹ́ rẹ̀, ti Wíńdóòsì ló ń dáhùn, iṣẹ́ á sì dàrú.

Nígbà àkọ́kọ́ tó ṣẹlẹ̀, mo tún un ṣe. Àmọ́ ojú fèrèsé tí a ṣí lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ náà nìkan ni mo tẹ àtúnṣe náà sí. Téèyàn bá ti pa fèrèsé yẹn dé, àtúnṣe ti lọ nìyẹn. Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà ní gbogbo ìgbà. Mo gbàgbé ni. Lọ́jọ́ yẹn, lóòótọ́, mo gbàgbé.

Ṣadé padà wá ní Sátidé. "Àǹtí, ó tún ti ń ṣe wèrè o!" Ó gbé ẹ̀wà àti dòdò dání. A jẹun, ó sín ọ̀gá rẹ̀ jẹ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo rántí fáìlì náà. Ìlà kan péré ni. Mi ò kọ ọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn. Sátidé dé, Ṣadé dé. Màá ní kó bá mi bu omi wá, màá ti tún un ṣe kó tó jáde ní kíṣíìnì, kó má baà rí ohun tí mo tẹ̀. Tó bá bi mí pé kí ló ń fà á, màá ní bí ètò méjì ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá jọ ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé tí kọ̀ǹpútà náà bá gún régé, kò ní rí ìdí wá mọ́.

Ilé-iṣẹ́ kan wá pè é fún ìdánwò. Wọ́n ní kó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá, kó ṣiṣẹ́ níṣojú àwọn. Ó dì mọ́ mi, ó ń fò sókè. Nígbà tó wọ kíṣíìnì, mo ṣí fáìlì náà. Mo wò ó. Mo ní tí wọ́n bá gbà á, kí ni yóò tún máa wá ṣe ní Lugbe? Mo pa á dé.

Láti ibi ìdánwò ló ti wá tààrà, tòun ti aṣọ tó fi lọ. Ilẹ̀ ló jókòó sí.

"Àǹtí, ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n kàn ń wò mí. Orí mi ò gbé iṣẹ́ yìí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ ni pé, "Má banú jẹ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni iṣẹ́ yìí wà fún."

Gbólóhùn yẹn ń dùn mí ju ti fáìlì lọ. Ó gbà á gbọ́. Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sì wá mọ́ láti ìgbà náà. Ilé mi padà sí bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, àgùnbánirọ̀ kan ń bèèrè ẹni tó lè kọ́ òun ní kọ̀ǹpútà. Ṣadé fà á wá bá mi. "Àǹtí yìí ni kó o bá. Wọ́n ní sùúrù gan-an. Èmi ni wọ́n kọ́ kọ́ kọ́ tí mi ò mọ̀ ọ́n. Olódo ni mí, jàre." Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ gbígba àlejò yẹn ló ṣì ń ṣe. Tí mo bá sọ òtítọ́, yóò mọ̀ pé òun kì í ṣe olódo, yóò sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ti rò ó pé kí n kàn sọ pé kọ̀ǹpútà ló lábùkù. Irọ́ mìíràn nìyẹn.

Láàárọ̀ yìí, mo pè é. Ó gbé e kíá.

"Àǹtí mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ṣé kò sí?"

Mo ní kò sí, mo kàn ní kí n kí i ni. Ó ní inú òun dùn pé mo rántí òun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ èèyàn tí ẹ sì ti bẹ̀ ẹ́ rí, gbólóhùn wo ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀?