Oògùn Mọ́mì Kì Í Ṣe Ẹja

Ẹ má tíì bẹ̀ mí, Bọ̀dá Ládépọ̀, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tó wà lọ́wọ́ mi yìí, ó ti dì, ó le koko bí òkúta, oògùn jẹjẹrẹ Mọ́mì, àárín ẹja tútù àti píọ̀ wọ́tà ni mo ti wú u jáde, aago mẹ́sàn-án ti kọjá, aago mẹ́wàá ni wọ́n sì ń retí wa ní kílíníìkì Okókómáìkò láti fa dríìpù ẹ̀ sí wọn lára.

Ẹ ní torí kó má baà bàjẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ. Ṣebí torí fìríìjì kílíníìkì bàjẹ́, tí ilé yìí sì ní ínfátà tí kì í jẹ́ kí iná lọ, ni wọ́n ṣe ní kí n gbé e wálé lánàá? Ẹran, fírísà. Ata lílọ̀, fírísà. Àgbo yín, fírísà. Mo lọ tẹ ìwé jáde ní Ìyànà-Ìbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fìríìjì, lẹ́tà gàdàgbà: ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ GBÉ E SÍ FÍRÍSÀ. Ẹ lẹ́ ẹ rí i o. Ẹ lẹ́ ẹ rò pé àdúrà oṣù tuntun tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bọ̀dá, àdúrà wo ló ń dárúkọ fírísà?

Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́.

Fọ́ìsì nóòtì dókítà nìyí lórí fóònù mi, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Ọ̀rá bíi ti ara ẹran ni wọ́n fi wé oògùn yẹn, ọ̀rá tíntìntín tójú ò lè rí, wọ́n wá fi nǹkan tí wọ́n ń pè ní àǹtíbọ́dì bo ẹ̀yìn ẹ̀, òun ló dá jẹjẹrẹ mọ̀, òun ló máa dì mọ́ ọn, kí oògùn lè tú síbẹ̀, kó má fi bẹ́ẹ̀ kan ibòmíì. Yìnyín ti fọ́ ọ̀rá yẹn báyìí. Á kàn tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni, á kọrí sí ọkàn wọn. Ọkàn wo ló kù? Ṣé ẹ ti gbàgbé oògùn àkọ́kọ́ ni, bí ẹsẹ̀ wọn ṣe wú, tó jẹ́ orí àga ni wọ́n ti ń sùn?

Ká jẹ́ kó yọ́, ká dákẹ́ kẹ̀?

Mo mọ̀ pé tí dókítà bá gbọ́, wọ́n lè yọ orúkọ Mọ́mì kúrò. Èèyàn méjìlá péré ni wọ́n fẹ́ fi dán oògùn yìí wò, èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù, èmi ni mo ń lọ jókòó níbẹ̀ láràárọ̀, ṣé ẹ rò pé kò dùn mí ni? Tó bá yọ́, ó máa jọ ti tẹ́lẹ̀, Nọ́ọ̀sì Joy tó máa fa dríìpù ò ní mọ̀, èmi á wá jókòó ti ìyá mi, kí n máa wò ó bó ṣe ń kán sí wọn lára. Èmi? Láéláé.

Ẹ ń gbọ́ Mọ́mì ní yàrá? Wọ́n ti wọṣọ, wọ́n ń kọrin.

Mo ti tẹ nọ́ńbà dókítà. Ẹ má fa fóònù gbà lọ́wọ́ mi, ó ti ń dún.

Ẹ káàárọ̀ sà. Àánú ni sà, ọmọ Mama Ládépọ̀. Rárá sà, ara wọn le. Ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ sọ nǹkan fún yín.

Ẹ gbà, Bọ̀dá. Wọ́n ń gbọ́ yín.